Àtùpà Tó Ń Tàn Nínú Kànga Àpòmù

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé Bàbá Lámidi, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ kànga gbígbẹ́, lọ síbi iṣẹ́, a kò gbẹ́ ohunkóhun. Kànga àtijọ́ kan ni wọ́n pè wá sí ní àdúgbò wa ní Ìkirè. Wọ́n ti fi páànù bò ó láti ọjọ́ pípẹ́, onílé sì fẹ́ kí a kó pàǹtírí inú rẹ̀ kúrò kí omi lè mọ́. Mo ti bọ́ ẹ̀wù, mo ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo ti ń fojú inú rí ara mi nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi tan àtùpà, ó so ó mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ìkókó. Àtùpà kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí iná rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì, ó sì kú. Ó fà á sókè, ó tún tàn án, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún kú. Bàbá Lámidi ká okùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ó di ọ̀la," ló wí fún onílé.

Inú bí onílé. Ó ní ṣé àtùpà ni òun bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni àbí agbẹ́kànga? Ọ̀gá mi kò bá a jà. Ó kàn na okùn sí i, ó ní, "Alájì, bó bá yá yín lára, ẹ máa wọlé lọ. Èmi á bá yín di okùn mú lókè." Alájì wo inú kànga, ó wo àtùpà, ó sì gbà pé ọ̀la náà dára.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 nìyẹn. Nígbà tí à ń padà lọ sílé ni ọ̀gá mi sọ òfin iṣẹ́ wa fún mi. Ó ní gbólóhùn mẹ́ta péré ni, bàbá òun ló sì fi lé òun lọ́wọ́: "Àtùpà ló ń kọ́kọ́ wọlé. Okùn ló ń tẹ̀lé e. Ènìyàn ló ń kẹ́yìn." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ bí ẹni tó fẹ́ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi òfin lélẹ̀ láàárín àwa agbẹ́kànga Ìkirè àti Àpòmù: olórí wa, ìyẹn ọ̀gá mi nígbà náà, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu kànga, àwọn tó kù á sì tún un sọ. Òfin tí olórí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, ìmọ̀ràn lásán ni.

Òfin náà sì nídìí. Kànga tí a bá bò pẹ́, tàbí tí ewé jẹrà sí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa kú. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, àmọ́ iná mọ̀ ọ́n. Ibi tí iná kò bá ti rí nǹkan mí, ènìyàn náà kò ní rí nǹkan mí níbẹ̀. Ní ti okùn, àyà la máa ń so ó mọ́, tòun ti abíyá, kí á lè fa ẹni tó bá dákú jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn wọlé tọ̀ ọ́. Okùn yìí náà la fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí á dúró. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí á fa garawa. Bó bá ń mì í ṣáá láìdákẹ́, kí á yọ òun jáde ní kíá. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí ní Ìkirè-Ilé, ní Ararọ̀mí-Òwu, kiri oko àti abúlé. Ó gba ẹ̀mí mi là ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra òfin àwọn bàbá wa. Ẹni tí nǹkan bá gbà là ló mọ iyì rẹ̀.

Lámidi ni àkọ́bí ọ̀gá mi, ẹgbẹ́ mi sì ni. Nínú gbogbo wa, òun ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí dígà. Bí a bá la ilẹ̀ pupa kọjá tí a bá kan yangí, tí àwa tó kù ń kérora, ìgbà yẹn ni Lámidi máa ń bẹ̀rẹ̀ orin. Dòdò Ìkirè ni oúnjẹ rẹ̀. Á wé e sínú ewé, á kì í bọ abẹ́ fìlà, á sì gbé e wọ kànga. Bí bàbá rẹ̀ bá bínú sí i, á ní, "Bàbá, ebi inú kànga yàtọ̀ sí ebi orí ilẹ̀." Ọ̀gá mi á mi orí, á wojú mi, á ní irú ọmọ wo ni Ọlọ́run fún òun yìí? Síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ̀ pé kò sí ohun tí bàbá náà fẹ́ràn tó o.

Nígbà tó ṣe, ẹ́ńjìnnì dé. Mo ń sọ nípa ẹ̀rọ kékeré tó ń mu bẹntiróòlù, tó ń fi rọ́bà fa omi jáde. Kó tó dé, ọwọ́ la fi ń gbọ́n omi. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ la máa ń gbẹ́ kànga jìn sí i, àmọ́ ojú omi kì í mọ̀ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Bí o bá ń gbọ́n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sun. Ẹ̀yìn wa a máa fẹ́ẹ̀ dá. Nítorí náà, nígbà tí onímọ́tò kan ní Àpòmù ra ẹ́ńjìnnì bọ̀ láti Ìbàdàn tó sì ní kí a fi gbẹ́ kànga òun, inú wa dùn. Lámidi yí ẹ̀rọ náà po, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ra màlúù iléyá.

Kànga onímọ́tò yìí jìn. A gbé ẹ́ńjìnnì sókè, a ju rọ́bà sísàlẹ̀, ó ń pariwo ṣáá, omi kò gòkè. Ibẹ̀ jìn ju agbára rẹ̀ lọ. Onímọ́tò ní òun ti rí i níbòmíràn, pé ṣe ni wọ́n máa ń sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kó sún mọ́ omi. Ó bọ́gbọ́n mu létí wa. A fi pákó ṣe àgbékà kan sínú kànga, a tan ẹ́ńjìnnì lókè, a fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ó mí ìmí kan, omi sì tú jáde lókè. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí à bá fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, àárọ̀ kan ló fi parí rẹ̀.

A fa ẹ́ńjìnnì jáde, a pa á. Onímọ́tò ń kánjú, àmọ́ ọ̀gá mi ní òfin ni òfin. Ó tan àtùpà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iná náà dúró ṣinṣin, ó mọ́ kedere lórí ẹrẹ̀. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ó yá, máa lọ," ló wí fún Lámidi. Lámidi ki dòdò rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni mo di okùn mú. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, a fa garawa ẹrẹ̀ jáde. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀mejì, a tún fa òmíràn. Lẹ́yìn náà ó fà á lẹ́ẹ̀kan. A dúró. A dúró títí, okùn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀ sínú kànga.

"Mò ń bọ̀," ló dáhùn. Ohùn rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí oorun ń kùn.

"Lámidi, kí ló ń ṣe ọ́?"

Kò dáhùn mọ́. Àtùpà ṣì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la sì fi ń wò ó. Bàbá rẹ̀ ju fìlà nù, ó fẹ́ bẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Onímọ́tò dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwa tó kù sì fa okùn. Lámidi wúwo. Títí di òní, bí mo bá fa ohun tó wúwo, ọwọ́ mi a máa rántí.

A gbé e dé ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ onímọ́tò. Ẹ̀mí ti bọ́ kí a tó dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wò ó, ó bi wá ní ohun tó wà nínú kànga. A ní omi ni. Ó ní kí ló tún wà níbẹ̀? Mo ní a gbé ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ láàárọ̀. Ó mi orí. "Èéfín ẹ́ńjìnnì ni," ló wí jẹ́ẹ́.

"Àtùpà tàn," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn. "Mo fojú ara mi rí i." Nọ́ọ̀sì náà kò mọ ohun tó ń sọ. A sin Lámidi lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Àwọn kan ní ọ̀tá ló ṣe é. Àwọn kan ní omi ibẹ̀ ló ní olúwa rẹ̀. Àwọn tó káàánú ọ̀gá mi ní àkókò Lámidi ló tó, ta ni yóò bá Ọlọ́run jà? Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Àmọ́ ohùn Lámidi tó ń kùn bí olóorun kò kúrò létí mi, inú sì ń bí mi. Mo jẹ́ ẹni tí inú máa ń tètè bí, ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Inú tó bí mi lọ́dún náà kò jẹ́ kí n sinmi.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi Ìsíkíẹ̀lì. Mẹkáníìkì ni ní Àpòmù, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, tí kì í wọ bàtà bó bá ti wọ aṣọ funfun. Mo bi í bóyá èéfín ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn níbi tí iná ti ń tàn. Ó fi sípánà lélẹ̀.

"Ràfíù, ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé a kì í tan mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù tí a tilẹ̀kùn. Oró tó wà nínú èéfín yẹn kì í lóòórùn, kì í pa iná. Ènìyàn ló ń pa. Ṣe lá kàn máa tòògbé lọ."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Ta ló bi mí? Ṣé mo mọ̀ pé ẹ ó gbé e wọ kànga ni?"

Kò jẹ̀bi. Nígbà tí òfin wa bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì ní Ìkirè. Òfin àwọn mẹkáníìkì wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tiwa wà lẹ́nu kànga, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé èmi ni yóò jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń ṣe ìpàdé, lẹ́yìn ìrun, ní ìta ilé ọ̀gá mi. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ kí a fi gbólóhùn kan kún òfin wa. Ẹnu mi ti fẹ́ẹ̀ sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo wo ojú ọ̀gá mi, mo gbé òwe náà mì. Mo kàn ní kí ẹ́ńjìnnì má wọ kànga mọ́ rárá.

Kàsálì ló kọ́kọ́ ta kò mí. Agbẹ́kànga onípélé kan ni, ẹnu rẹ̀ mú ju dígà rẹ̀ lọ, òun náà sì ti ra ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Àwọn oníbàárà ò tún fẹ́ ẹni tó ń fi garawa gbọ́n omi mọ́. Bí Ràfíù bá fẹ́ padà sáyé ijọ́un, kó máa lọ, kò sẹ́ni tó dì í mú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní bí àtùpà kò bá wúlò mọ́, kí a kúkú sọ ọ́ nù. Èmi gan-an ni mo bá ẹni yẹn jà jù. Mo ní àtùpà wúlò, afẹ́fẹ́ tó kú ṣì wà nínú kànga títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ewu ti di méjì, ẹ̀ṣọ́ wa ṣì jẹ́ ọ̀kan.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀gá mi. "Òfin mẹ́ta ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́," ló wí. "Mẹ́ta náà ni n ó fi sílẹ̀." Ó dìde, ó wọlé lọ.

Mo rí i pé ẹnu kò ní ṣe é, kí n fi hàn wọ́n ló kù. Kànga kan wà ní agbolé wa tí a kò tíì gbẹ́ parí. Mo pe gbogbo agbẹ́kànga síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kàsálì yá mi ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ojú tì mí dáadáa. Mo mú adìẹ Sàfúrátù ìyàwó mi kan, mo kó o sínú agbọ̀n, mo so àtùpà mọ́ inú agbọ̀n kan náà. A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, a fà á jáde, a pa á, bí a ti ṣe ní Àpòmù gẹ́lẹ́. Mo wá sọ agbọ̀n kalẹ̀. Adìẹ ń ké nígbà tó ń lọ. Nígbà tó yá, a kò gbọ́ igbe mọ́. Mo fà á sókè.

Àtùpà ń tàn. Adìẹ ti kú.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ lé agbọ̀n. Kàsálì fi ìka ti adìẹ náà. "Ẹ̀rù ló pa á," ló wí. "Adìẹ Ìkirè ò láyà. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú tèmi wá." Ó lọ lóòótọ́, ó mú àkùkọ gàgàrà kan wá, irú èyí tó ń lé ọmọdé kiri àdúgbò. A tún ẹ́ńjìnnì gbé wọlé, a tún ṣe é. Àtùpà tàn, àkùkọ kú. Kàsálì gbé òkú àkùkọ rẹ̀ dání, ó ń wò ó. Kò lè jẹ ẹ́, òkúǹbete ni, ẹran tó kú láìrí ọ̀bẹ. Sàfúrátù jáde láti inú ilé, ó rí adìẹ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ pa adìẹ mi tó ń yé, ẹ ò tún wá lè jẹ ẹ́?"

"Ìyá Ṣẹ̀kírátù, ẹ bá mi bi ọkọ yín," ni Kàsálì wí. Kò fi mí ṣẹ̀sín mọ́ lọ́sàn-án yẹn.

Síbẹ̀, nígbà tí mo ní kí a fi òfin tuntun náà lélẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn. Wọ́n ní Bàbá Lámidi kò sí níbẹ̀, òun sì ni olórí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí bí àṣà wa ti rí nìyẹn. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé bí olórí bá dákẹ́, Kàsálì yóò gbàgbé àkùkọ, èrè yóò sì fà á padà sínú kànga. Nítorí náà mo lọ sílé ọ̀gá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ròyìn ohun tí a rí.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ràfíù, ṣé o mọ ohun tí ò ń bẹ̀ mí kí n sọ? Bí àtùpà bá ń purọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ọmọ mi sínú ikú."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń dì í lẹ́nu. Mo ti rò pé agídí àgbà ni.

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá," ni mo wí. "Àtùpà kò purọ́. Ohun tí kò mọ̀ la bi í."

"Máa lọ sílé rẹ."

"Bàbá..."

"Mo ní kó o máa lọ sílé."

Mo lọ. Mi ò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́, àmọ́ mi ò tún wọ kànga tí ẹ́ńjìnnì ti wọ̀, mi ò sì di okùn mú fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn oníbàárà ní Ràfíù ti di ojo. Ní Ararọ̀mí-Òwu, wọ́n fa ọkùnrin kan jáde tó ti dákú, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ní gbogbo ibi tí mo bá dé, mo ń sọ ọ́, títí tí àwọn ènìyàn fi ń yà fún mi lọ́nà. Sàfúrátù ní bí mo bá tún dárúkọ èéfín nídìí oúnjẹ, òun á gbé abọ́ òun kúrò. Mo ń bá a lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Ìsíkíẹ̀lì gun alùpùpù wá bá mi, eruku bo ojú rẹ̀. "Ràfíù, máa bọ̀ ní Àpòmù. Ọ̀gá rẹ jókòó lórí kànga. Wọn ò rí i gbé kúrò."

Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Lójú ọ̀nà ló ṣàlàyé. Ọ̀gá mi lọ kí àna rẹ̀ ní Àpòmù. Ó gbúròó ẹ́ńjìnnì lẹ́yìnkùlé ilé kejì, nígbà tó sì kí àna tán, ó yà wò ó. Kàsálì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́n omi tán, wọ́n ti fa ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n ti sọ àtùpà kalẹ̀. Kàsálì rí i, inú rẹ̀ dùn pé àgbà dé bá iṣẹ́ òun. Ó nàka sínú kànga, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó ń tàn."

Nígbà tí mo dé, ọ̀gá mi wà lórí pákó tí wọ́n fi dábùú ẹnu kànga. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ lé itan, bí ẹni tó wá gba atẹ́gùn. Àwọn tó ń wòran pọ̀. Onílé ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ kànga ti so okùn mọ́ àyà, ó dúró bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé àna.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Kàsálì ń wí. "Àtùpà ń tàn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa."

"Èmi ni mo kọ́ yín," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Èmi náà ni mò ń kọ́ yín lónìí."

Ó wò mí bí mo ṣe ń bọ̀, kò kí mi. Ó kọjú sí wọn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó dárúkọ rẹ̀ níta.

"Àtùpà ń tàn lọ́jọ́ tí Lámidi wọlé," ló wí. "Mo wò ó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí mi. "Ràfíù sọ fún mi, mo lé e. Ó ti tó. Kànga tí ẹ́ńjìnnì bá wọ̀, ènìyàn kì í wọ̀ ọ́. Ẹ tún un sọ."

Onílé tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi fi ọ̀pá lu pákó. "Mo ní kí ẹ tún un sọ! N ò ní dìde."

Kàsálì ló ṣáájú. Ó ṣí fìlà, ó tún un sọ. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Mo tún un sọ pẹ̀lú wọn, omi sì ń dà lójú mi, mi ò nù ún. Ẹ̀yìn náà ni mo na ọwọ́ sí ọ̀gá mi, ó dì í mú, ó dìde. A bo kànga náà títí di ìgbà tí Ìsíkíẹ̀lì fi rí ẹ̀rọ ìfẹ́tẹ́gùn kan tó máa ń wà lókè, tó ń fi rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sísàlẹ̀. Adìẹ Kàsálì míràn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó sì jáde láàyè, ó ń ké. Láti ọjọ́ náà, òkè ni ẹ́ńjìnnì ń gbé ní ilẹ̀ wa, jìnnà sí ẹnu kànga, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín rẹ̀ lọ. Ibi tí kò bá ti lè fa omi, garawa la fi ń gbọ́n ọ́n. Ẹ̀yìn wa ń ro wá, àmọ́ à ń padà sílé.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, orúnkún mi kọ̀ fún mi, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ti lọ sinmi kó tó di ìgbà náà. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ wá kí mi. Mo fẹ́ dán an wò, mo ní, "Bí onílé bá ń kánjú ńkọ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ti wọ kànga, tí àtùpà sì ń tàn?"

Ó le ojú mọ́ mi. "Bàbá, ẹ má bínú o. Òfin mẹ́rin ni àwọn bàbá ńlá wa fi sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A ò lè torí yín yí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Mo bi í bóyá àwọn bàbá ńlá wa ní ẹ́ńjìnnì. Ó họ orí. Ó ní bóyá wọ́n rí i lójú àlá. Inú mi dùn pé ó di òfin náà mú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀, nítorí bí èmi náà ṣe di mẹ́ta àkọ́kọ́ mú nìyẹn. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ìtàn Lámidi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti dòdò abẹ́ fìlà. Mo wá sọ fún un pé ohun tuntun míràn yóò dé ẹnu kànga lọ́jọ́ kan, èyí tí òfin mẹ́rin kò mọ̀. Mo ní nígbà tí ó bá dé, kí wọ́n tètè fi ìkarùn-ún kún un. Kí wọ́n má dúró de ikú ọmọ ẹnìkan.